Nicodemus, Ìletò Àwọn Olómìnira ní Pápá Kansas

Ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kansas, ní àárín ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an, níbi tí koríko ti tẹ́ lọ salalu títí ó fi pàdé ojú ọ̀run, tí igi kò sì hù bí kò ṣe ní etí odò nìkan, ìletò kékeré kan wà tí ń jẹ́ Nicodemus, tí àwọn tí ń sùn síbẹ̀ tí wọ́n sì ń jí síbẹ̀ lónìí kò pọ̀ rárá, tí àwọn ilé àtijọ́ tí ó kù níbẹ̀ kò sì ju márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Nínú gbogbo ìlú tí àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú tẹ̀ dó sí ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ní sáà tí ó tẹ̀ lé Ogun Abẹ́lé, Nicodemus ni a kà sí èyí tí ó ṣẹ́kù tí ènìyàn ṣì ń gbé. Ìyókù ti di ahoro, koríko ti hù bo ìpìlẹ̀ wọn. Kò sì ṣẹ́kù nítorí pé ọ̀nà rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju àwọn yòókù lọ, nítorí ìtàn rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ ilé rẹ̀ àkọ́kọ́, ìtàn ìlérí tí kò ṣẹ ni: onílẹ̀ ṣe ìlérí, rélùwéè ṣe ìlérí, òjò pàápàá ṣe ìlérí, kò sí èyí tí ó dúró ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú wọn. Èrò tèmi ni pé àwọn ọmọ ìlú náà ni wọ́n dúró tì í, àti àwọn tí wọ́n kú síbẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jáde kúrò níbẹ̀, èyí sì ni ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn rẹ̀ hàn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ènìyàn fi lè kúrò ní Kentucky, ilẹ̀ tí igi wà, tí omi wà, tí ọ̀gbìn rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀, kí ó wá máa gbé inú ihò ilẹ̀ ní pápá tí kò ní ìbòòji, àfi kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí ojú àwọn ènìyàn dúdú rí lẹ́yìn tí Ogun Abẹ́lé parí ní 1865. Òfin ti sọ wọ́n di òmìnira, ṣùgbọ́n òfin kò fún wọn ní ilẹ̀. Ẹni tí ó ti ń ro oko olówó rẹ̀ láti kékeré tún padà di ẹni tí ń ro oko kan náà láti pín irè rẹ̀ pẹ̀lú onílẹ̀, gbèsè ohun tí ó rà láwìn a sì gbé ìpín tirẹ̀ lọ kí ọdún tó yí. Fún ìgbà díẹ̀, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ wà ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù láti dáàbò bo àwọn olómìnira, àwọn ọkùnrin dúdú ń dìbò, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ṣùgbọ́n ní 1877 ni ìjọba dáwọ́ ààbò náà dúró, àwọn tí ń gun ẹṣin lóru láti fi ìbọn àti iná dẹ́rù ba ènìyàn sì rí àyè ṣe bí ó ti wù wọ́n. Kentucky kò bá àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ṣọ̀tẹ̀ nígbà ogun, síbẹ̀ àwọn agẹṣinlóru wọ̀nyí kò ṣàì sí níbẹ̀ pẹ̀lú.

Kansas ní tirẹ̀ ní orúkọ rere létí àwọn ènìyàn dúdú. Ibẹ̀ ni John Brown ti gbé ohun ìjà dìde sí àwọn alátìlẹyìn oko ẹrú ní àwọn ọdún 1850, ibẹ̀ sì ni ìpínlẹ̀ tí ó wọ inú ìjọba àpapọ̀ ní 1861 pẹ̀lú òfin pé ẹrú kò gbọdọ̀ sí ní ilẹ̀ òun. Lẹ́yìn èyí ni òfin ilẹ̀ tí Ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí ní 1862, tí ó ní ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé orí ilẹ̀ ìjọba fún ọdún 5, tí ó kọ́lé sí i tí ó sì ro ó, yóò gba ékà 160 ní tirẹ̀ títí láé. Fún ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ohun ìní ẹlòmíràn rí, kí a wá sọ fún un pé òun náà lè ní ilẹ̀, kò sí orin tí ó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù Kẹrin 1877 ni àwọn ọkùnrin méje kan dá ẹgbẹ́ tí yóò tẹ Nicodemus dó sílẹ̀. Mẹ́fà nínú wọn jẹ́ ènìyàn dúdú, ọ̀kan ṣoṣo ni òyìnbó. Òyìnbó náà ni W. R. Hill, ọmọ Indiana, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa pín ilẹ̀ sí ojúlé kí ó sì máa wá ẹni tí yóò rà á. Òun náà ni ó dá Hill City sílẹ̀ nítòsí ibẹ̀, tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ pè é. Àlùfáà W. H. Smith ni alága ẹgbẹ́ náà. Àlùfáà Simon Roundtree ni akọ̀wé, ọkùnrin tí a gbọ́ pé àpá irin gbígbóná wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, nítorí pé nígbà tí ó wà lóko ẹrú, wọ́n ká ìwé kíkà mọ́ ọn lọ́wọ́. Èmi kò lè kọjá lórí àpá yìí kíákíá. Ẹni tí wọ́n jó lójú nítorí pé ó mọ̀wé ni ó wá di akọ̀wé ìlú tuntun, tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ àwọn onílẹ̀ sínú ìwé.

Ní oṣù Keje ọdún náà ni wọ́n tẹ ìwé ìpolongo kan jáde sí gbogbo ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìwé náà pe Nicodemus ní ìlú àwọn ènìyàn dúdú tí ó tóbi jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà, nígbà tí ó jẹ́ pé koríko nìkan ni ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní ilẹ̀ Àfonífojì Solomon lọ́ràá, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ọtí líle ní ìlú náà fún ọdún 5, àwọn aṣojú rẹ̀ sì ń lọ láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Kentucky láti kó àwọn tí yóò lọ jọ, dọ́là 5 ni owó àtiwọlé. Ní ti orúkọ tí wọ́n fún ìlú náà, àwọn kan ní Nikodému inú Bíbélì ni, ẹni tí ó tọ Jésù lọ lóru. Àwọn mìíràn ní láti inú orin kan tí Henry Clay Work kọ ní 1864 ni, orin nípa ẹrú kan tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà.

Àwọn àkọ́kọ́, bí ọgbọ̀n ènìyàn, dé ní oṣù Keje. Ní oṣù Kẹsàn-án ni agbo ńlá dé láti Lexington, ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, tọkọtaya, arúgbó àti ọmọ ọwọ́. Ellis ni rélùwéè sọ wọ́n kalẹ̀ sí, láti Ellis sì dé Nicodemus ju 30 máìlì lọ, kò sí ọ̀nà, ìlú kan kò sí láàárín. Àwọn tí ó rí kẹ̀kẹ́ ẹrù háyà fi kó ẹrù, àwọn yòókù fi ẹsẹ̀ rìn ín. Nígbà ìrúwé 1878, Àlùfáà Daniel Hickman kó agbo mìíràn wá láti Georgetown ní Kentucky, Willina aya rẹ̀ sì wà nínú wọn, ọ̀rọ̀ tí obìnrin yìí sọ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni ó jẹ́ kí a mọ bí ìrìnàjò náà ti rí. Ó ní ìgbóná-èèyí mú àwọn ọmọ òun lójú ọ̀nà, pé inú àgọ́ ni àwọn gbé ní Ellis fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, pé ọmọdé díẹ̀ kú níbẹ̀ kí wọ́n tó fojú kan ìlú tí wọ́n ń lọ. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi rìn láti ibẹ̀, ipasẹ̀ àgbọ̀nrín àti ibi tí ẹfọ̀n ti yíràá ni ọ̀nà wọn, kọ́ńpáàsì ni wọ́n sì fi ń mọ ibi tí wọ́n dojú kọ. Lóru, àwọn ọkùnrin a dá iná ńlá, wọn a jókòó yí i ká, wọn a sì máa yìnbọn kí ẹranko búburú má bà á súnmọ́ wọn. Nígbà tí ó di bí agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn ọkùnrin kígbe pé àwọn ti dé. Willina wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò rí ilé kan. Ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè pé níbo ni ìlú náà wà, ọkọ rẹ̀ sì na ìka sí èéfín tí ń rú jáde láti inú ilẹ̀ níbí àti lọ́hùn-ún, ó ní ìlú náà nìyẹn. Obìnrin náà bú sẹ́kún.

Inú ilẹ̀ ni ilé wà lóòótọ́. Nítorí pé kò sí igi tí wọ́n lè là ní pákó, wọn a wá ibi tí ilẹ̀ gbé dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, wọn a gbẹ́ ẹ wọlé bí yàrá kan, wọn a tò ìwọ̀nba ẹ̀ka igi tí wọ́n rí ní etí odò lé e lórí, koríko lórí ẹ̀ka, erùpẹ̀ lórí koríko, wọn a sì fi ilẹ̀ tí wọ́n gé pẹ̀lú gbòǹgbò koríko rẹ̀ bí bíríkì mọ ògiri iwájú, níbi tí ilẹ̀kùn wà. Ilé náà móoru nígbà òtútù, ó tutù nígbà ooru, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ a máa kán sórí oúnjẹ, ejò pẹ̀lú a sì máa bọ́ sílẹ̀ láti àjà. Ìgbẹ́ ẹfọ̀n gbígbẹ àti ìtì òdòdó sunflower ni igi ìdáná. Nítorí wọ́n dé lẹ́yìn àkókò ìgbìn, kò sí irè kan fún òtútù ọdún àkọ́kọ́. Inú bí àwọn ènìyàn sí Hill gidigidi, ọ̀rọ̀ pọ̀ nípa bí ó ti sá pamọ́ kí wọ́n má bà á fi ìyà jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé sì kó ẹrù wọn, wọ́n padà sí ibi tí wọ́n ti wá.

Àwọn tí ó dúró kì bá má kú ní òtútù 1877 sí 1878 bí kò bá ṣe pé àwọn ará Osage, ẹ̀yà kan nínú àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ Amẹ́ríkà, ń kọjá lọ, tí wọ́n ń bọ̀ láti oko ọdẹ, wọ́n sì fún wọn nínú ẹran tí wọ́n pa. Èyí ni àwọn ọmọ Nicodemus ń sọ fún ọmọ wọn láti ìran dé ìran, ó sì yẹ kí a rò ó wò, nítorí pé ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà ni ìjọba ti mú kí àwọn Osage fi ilẹ̀ wọn ní Kansas sílẹ̀ lọ sí Oklahoma. Ilẹ̀ tí a ń pín fún àtìpó lọ́fẹ̀ẹ́ kò ṣàì ní onílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tí wọ́n gba ilẹ̀ baba wọn lọ́wọ́ wọn ni wọ́n bọ́ àwọn tí wọ́n gba òógùn wọn lọ́wọ́ wọn, ìjọba tí ó ṣe méjèèjì kò sì sí níbẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ẹṣin tí ó wà ní ìlú kò tó nǹkan, nítorí náà ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ fi la ilẹ̀ tí gbòǹgbò koríko ti so pọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn ọkùnrin a fi ìyàwó sílẹ̀ sínú ihò-ilé, wọn a rìn lọ sí ibi iṣẹ́ rélùwéè tàbí oko àwọn òyìnbó ní ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ náà láti wá owó irúgbìn, àwọn obìnrin a sì máa ro, wọn a máa gbìn. Ẹni tí kò bá ka àwọn obìnrin wọ̀nyí mọ́ àwọn olùtẹ̀lúdó kò tíì ka ìtàn ìlú náà. Emma Williams ti lóyún nígbà tí ó rìn ín wá láti Ellis, oṣù Kẹwàá 1877 ni ó bí Henry, ọmọ àkọ́bí Nicodemus. Jenny Fletcher, ọmọ Àlùfáà Smith, ni ó kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ jọ sínú ihò-ilé rẹ̀ láti kọ́ wọn ní ìwé; Zachary Fletcher ọkọ rẹ̀ sì di olùtọ́jú lẹ́tà, ó kọ́ ilé tí àlejò ń wọ̀ sí tí wọ́n ń pè ní St. Francis, ó sì kọ́ ibùso ẹṣin sí i.

Díẹ̀díẹ̀, ilé jáde láti inú ilẹ̀. Òkúta funfun tí wọ́n fọ́ ní àyíká ni wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ìjọ African Methodist Episcopal (A.M.E.) ní 1885, ṣọ́ọ̀bù ń pọ̀ sí i, dókítà dé, báńkì dé, ìwé ìròyìn Western Cyclone bẹ̀rẹ̀ ní 1886, Nicodemus Enterprise tẹ̀ lé e ní 1887. Ìlú náà ní ẹgbẹ́ àwọn tí ń jíròrò lórí ìwé, ó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù beísíbọ́ọ̀lù, àwọn òyìnbó tí ń gbé àyíká sì ń wá rajà níbẹ̀. Nínú àwọn tí ó wá gbé níbẹ̀ ní 1878 ni Edward McCabe, ọmọ Troy ní New York, ẹni tí ó ti ṣe akọ̀wé ní Chicago. Nígbà tí wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ Graham sílẹ̀ ní 1880, òun ni gómìnà yàn ní akọ̀wé rẹ̀. Ní 1882, gbogbo ìpínlẹ̀ Kansas, tí àwọn òyìnbó pọ̀ jù nínú rẹ̀, dìbò yàn án sípò olùyẹ̀wò owó ìjọba, wọ́n sì tún yàn án ní 1884. Kò sí ènìyàn dúdú kan tí ó tíì di irú ipò bẹ́ẹ̀ mú ní Kansas rí. Ọdún 17 péré ni ó ti kọjá láti ìgbà tí ogun parí.

Ohun tí ó kù tí wọ́n ń retí ni rélùwéè. Ní ilẹ̀ pápá nígbà náà, rélùwéè ni ẹ̀mí ìlú: ibi tí ó bá gbà, ibẹ̀ ni àlìkámà yóò ti rí ọ̀nà dé ọjà, ibi tí ó bá yà kúrò, ibẹ̀ kú. Nígbà tí àwọn Missouri Pacific ń wọn ilẹ̀ kiri, àwọn ará ìlú dìbò ní 1887 láti yá owó dọ́là 16,000 tí wọn yóò fi ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ẹ rò ó wò, àwọn tí wọ́n dé ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú láìní ju aṣọ ọrùn wọn lọ. Ṣùgbọ́n Missouri Pacific kò wá. Ilé iṣẹ́ kejì, Union Pacific, la ọ̀nà tirẹ̀ ní 1888, ó sì gba òdìkejì Odò Solomon, ìwọ̀nba máìlì díẹ̀ sí Nicodemus. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pàgọ́ sí ni ó di ìlú Bogue. Àwọn oníṣòwò kò dúró rárá. Àwọn mìíràn tú ilé wọn ní odindi, wọ́n gbé e sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n sì wọ́ ọ kọjá odò lọ sí Bogue. Àwọn ìwé ìròyìn náà kú. McCabe ti mórí lé ọ̀nà mìíràn. Ní Oklahoma ni ó ti lọ́wọ́ nínú títẹ Langston dó ní 1890.

Ìlú mìíràn ìbá ti parẹ́ ní ọdún náà. Àwọn àgbẹ̀ Nicodemus ni kò lọ, nítorí pé ilé ìtajà ṣeé gbé sórí kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ékà 160 kò ṣeé gbé. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tuntun ní 1907, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ní 1918. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dá àwọn ọdún 1930 dé, nígbà tí owó irè já wálẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé ilẹ̀ oko lọ sókè bí ìkúukùu dúdú tí ó ń sọ ọ̀sán di òru. Ọ̀pọ̀ tà, ọ̀pọ̀ fi sílẹ̀. Síbẹ̀ ní 1939, nígbà tí ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ni wọ́n parí gbọ̀ngàn ìlú tí wọ́n fi òkúta funfun kọ́, ìjọba àpapọ̀ ni ó san owó iṣẹ́ fún àwọn tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ilé ìfìwéránṣẹ́ tì ní 1953. Àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Denver, wọ́n lọ sí Topeka, wọ́n lọ sí California.

Bí ó ti wù kí ọ̀nà jìn tó, àwọn tí ó lọ ń padà wá lọ́dọọdún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlú náà ni wọ́n ti ń ṣe ọdún òmìnira, ọdún tí wọ́n fi ń rántí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 1834 tí òfin ìdásílẹ̀ àwọn ẹrú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn erékùṣù tí ó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà kan, inú igbó kékeré tí ó wà ní oko R. B. Scruggs ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú ẹran sísun, eré ẹṣin, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti beísíbọ́ọ̀lù, àwọn òyìnbó àyíká a sì máa wá wòran. Lónìí, ìparí ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn oṣù Keje ni, orúkọ rẹ̀ sì ti di Ìpadàbọ̀wálé. Ìlú tí ènìyàn díẹ̀ ń gbé a wá kún fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn Switzer, àwọn Williams, àwọn Alexander, àwọn Bates, àwọn Jones, ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àtọmọdọ́mọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi ọjọ́ kan gbé níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ ilé tí baba ńlá wọn gbẹ́, tí wọ́n mọ itẹ́ òkú tí ó sùn sí. Wọn a yí gbọ̀ngàn ìlú ká, wọn a tò ní ìdílé-ìdílé, wọn a sì dárúkọ àwọn àgbà. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ; àwọn wọ̀nyí kò gbàgbé.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìlú náà ni Veryl Switzer, tí wọ́n bí níbẹ̀ ní 1932. Ó gba bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún Yunifásítì Kansas State, ẹgbẹ́ Green Bay Packers sì mú un ní ipò kẹrin nínú gbogbo agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n yàn ní 1954. Nígbà tí eré parí, ó padà sí Kansas State gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ àgbà, kò sì jẹ́ kí ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ ní Nicodemus di ti ẹlòmíràn. Àtọmọdọ́mọ mìíràn, Angela Bates, ni ó dá ẹgbẹ́ onítàn ìlú náà sílẹ̀, tí ó ń kó ọ̀rọ̀ àwọn àgbà jọ, tí ó sì wà lára àwọn tí wọ́n bá ìjọba jà títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà fi ṣe òfin ní 1996 pé Nicodemus jẹ́ ibi ìtàn gbogbo orílẹ̀-èdè, tí ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ máa tọ́jú. Ilé márùn-ún ni òfin náà kàn: ṣọ́ọ̀ṣì A.M.E., ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ilé St. Francis tí Fletcher kọ́, ilé ẹ̀kọ́, àti gbọ̀ngàn ìlú.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé Amẹ́ríkà pọ̀ lónìí, púpọ̀ nínú wọn sì ti gbé Kansas, Colorado tàbí Missouri fún ọdún pípẹ́ láì gbọ́ orúkọ ìlú yìí rí. Mo bẹ̀ yín, bí ìrìnàjò bá gbé yín gba Títì 24 láàárín Hill City àti Stockton, ẹ yà, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ yín dání. Bí ẹ bá lè mú ìrìn náà bọ́ sí ìparí oṣù Keje, nígbà náà ni ẹ ó bá àwọn onílé nílé.